Ìlera Ọkàn Akọ́nimọ̀ọ́gbá: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ló máa ń jáde lẹ́nu àwọn tó ń fi iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá jẹun, àwọn ará ilé wọn, àti àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́. Àpẹẹrẹ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, nítorí òun ni aráyé ń wò jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń kọ́ asáré, òmùwẹ̀, akànṣẹ́ àti ẹni tó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n bákan náà.

Àwọn eléré ló ń sáré, àwọn ló ń fara pa. Kí ló wá kan ọkàn akọ́nimọ̀ọ́gbá?

Eléré tó fara pa ní dókítà. Eléré tó ń sunkún nínú yàrá ìmúra ní ẹni tó ń gbá a mọ́ra, akọ́nimọ̀ọ́gbá sì ni ẹni náà lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́dún 2019, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé gbé ìwé kan jáde tí àwọn onímọ̀ fohùn ṣọ̀kan lé lórí nípa ìlera ọpọlọ àwọn eléré tó wà lókè téńté. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ètò irú èyí, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá bí yóò ṣe máa ṣọ́ eléré. Ẹni tó ń ṣọ́ni yìí náà, ẹran ara ni. Tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni yóò fara gbá a: ohùn rẹ̀ á le, ìpinnu rẹ̀ á máa yí lójoojúmọ́, ọmọ tuntun inú ẹgbẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtiṣe àṣìṣe. Ká tiẹ̀ ní kò kan ẹlòmíì rárá, ìlera òun fúnra rẹ̀ tó ohun tí à ń jà fún.

Kí ló wà nínú iṣẹ́ yìí tó ń jẹ ọkàn tó bẹ́ẹ̀?

Àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá fi ń rìn. Ó lè ṣètò ohun gbogbo láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, kí ọmọ ogún ọdún kan yọ̀ ṣubú ní ìṣẹ́jú 78, kí gbogbo rẹ̀ sì dòfo. Kò lè wọ pápá lọ tún un ṣe. Ẹ̀gbẹ́ ìlà funfun ló máa dúró sí, tí àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì bíi ti ẹni tó ń sáré.

Ìkejì, iṣẹ́ náà lè bọ́ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí pé ọdún mẹ́ta ni èèyàn máa lò. Àwọn ọmọ wà nílé ẹ̀kọ́ ní ìlú tí iṣẹ́ gbé wọn dé, ọkọ tàbí ìyàwó ti fi iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ilé tí wọ́n ń gbé sì lè jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ọ̀gá kan pe ìpè kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ tú ká.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú tèmi: ìdánìkanwà láàárín èrò. Ẹ wo àwọn tó yí akọ́nimọ̀ọ́gbá ká. Agbábọ́ọ̀lù ń fẹ́ kó fi òun kún àwọn mọ́kànlá. Igbákejì rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa gbé sípò rẹ̀ lọ́la. Alága ló gbà á síṣẹ́, òun náà ló máa lé e. Oníròyìn ń wá ọ̀rọ̀ tó máa gbé jáde. Aṣojú rẹ̀ ń jẹ nínú ìwé àdéhùn. Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tí èsì eré ọjọ́ Àbámẹ́ta kò kan àpò rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún pé, "Ẹ̀rù ń bà mí"? Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nísàlẹ̀ yìí rọ̀ mọ́ ohun kan ṣoṣo: kí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ẹnìkan, ó kéré tán, tí èsì eré kò kan oúnjẹ rẹ̀.

Ó rẹ̀ mí. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá àárẹ̀ lásán?

Àárẹ̀ lásán máa ń gbọ́ ti ìsinmi. Ẹ sùn dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ pa fóònù, ara á sọ jí. Tí ẹ bá sinmi tí kò sì yí padà, ọ̀rọ̀ ti di méjì.

Ọ̀kan ni ohun tí wọ́n ń pè ní burnout. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 2019 nínú ìwé àkójọ àìsàn wọn, wọ́n sì là á yé wa pé kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀; ohun tí másùnmáwo ibi iṣẹ́ tí a kò bójú tó ń dá síni lára ni. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní ká máa wò: okun inú èèyàn á tán, ọkàn rẹ̀ á kúrò nídìí iṣẹ́ náà títí tí yóò fi máa fojú burúkú wò ó, á sì máa ṣe é bíi pé ohunkóhun tí òun bá ṣe kò yọrí. Lára akọ́nimọ̀ọ́gbá, ó máa ń fara hàn báyìí: ẹ wo fídíò ẹgbẹ́ tí ẹ fẹ́ bá pàdé lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ohun tó wọ orí. Ẹ ń gbàdúrà kí òjò rọ̀ kí wọ́n sún eré síwájú. Ọmọ kan tí ẹ fẹ́ràn wá bá yín pẹ̀lú ìṣòro rẹ̀, ohun tó sì wá sí yín lọ́kàn ni "kí ló tún dé?" Èyí tó yẹ kó já yín láyà jù ni pé ẹ jáwé olúborí, inú yín kò dùn; ẹ kàn mí kanlẹ̀ pé wọn ò ní lé yín lọ́sẹ̀ yìí.

Èkejì ni àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Èyí kì í dúró síbi iṣẹ́. Ó máa ń bá èèyàn délé, ó máa ń bá a débi ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. Tí inú yín bá ń bàjẹ́, tàbí tí ohun tó máa ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́ yín mọ́, lọ́pọ̀ jù lọ nínú ọjọ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí oorun àti oúnjẹ yí padà, tí ẹ ń dá ara yín lẹ́bi lórí ohun gbogbo, ẹ lọ rí dókítà. Ó ṣeé ṣe kó fún yín ní ìwé ìbéèrè kékeré tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí bí ara yín ṣe rí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ dáhùn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Kì í ṣe oníròyìn ló ń bi yín.

Àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnìkan náà. Nítorí náà ni mo fi ní kí ẹ má ṣe jókòó sílé kí ẹ máa dá a mọ̀ fúnra yín.

Ó ti ń wá sí mi lọ́kàn pé ó sàn kí n má sí láyé mọ́.

Ẹ sọ ọ́ fún ẹnìkan lónìí, kó tó di alẹ́. Ẹ má dá nìkan wà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, ẹ̀ka pàjáwìrì, kí ẹ sọ ọ́ ní gbangba bí ẹ ṣe kọ ọ́ síbí. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè tọ̀sán-tòru: 988 ni ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 116 123 ni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí irú èrò yìí ń wá sí lọ́kàn kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó ń ṣàìsàn, àìsàn náà sì ṣeé wò. Ẹni tó bá sì wà lọ́dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kó bi í ní tààrà bóyá ó ń ro àtipa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ó máa ń sọ ẹrù náà kalẹ̀ díẹ̀ ni.

Ṣé òótọ́ ni pé iṣẹ́ yìí ń ba ọkàn tó wà nínú àyà gan-an jẹ́?

Másùnmáwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ kò dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ ni àìsùn, sìgá àti oúnjẹ àjẹsáré kò dára. Akọ́nimọ̀ọ́gbá sì lè kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mi ò ní sọ pé iṣẹ́ ló pa ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tó ń fa àrùn ọkàn pọ̀. Ṣùgbọ́n Jock Stein, akọ́nimọ̀ọ́gbá Scotland, ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ní Cardiff lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 1985, ó sì kú lálẹ́ ọjọ́ náà lẹ́ni ọdún 62. Johan Cruyff ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn lọ́dún 1991 nígbà tó ń kọ́ Barcelona, ìgbà yẹn ló jáwọ́ nínú sìgá. Gérard Houllier ti Liverpool bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ̀rora àyà ní ìsinmi ààbọ̀ eré lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù kẹwàá ọdún 2001. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló ya, wákàtí mọ́kànlá ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, oṣù márùn-ún sì kọjá kó tó padà sórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ kan náà tí dókítà ń yẹ àwọn eléré wò. Àyà dídùn nígbà eré kì í ṣe ohun tí à ń fara dà títí fèrè ìparí yóò fi dún.

Mi ò kì í rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ ìdíje. Kí ni kí n ṣe?

Èyí wọ́pọ̀ débi pé àwọn míì rò pé ara iṣẹ́ ni. Eré parí ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọkọ̀, ilé. Aago kan òru, ilé ti dákẹ́, akọ́nimọ̀ọ́gbá jókòó nínú ọkọ̀ tó ti pa, kò sọ̀ kalẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo gólù kejì tí wọ́n jẹ. Ó fà á sẹ́yìn, ó tún wò ó. Ta ló yẹ kó mú nọ́ńbà mẹ́sàn-án? Ó fà á sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ara rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé eré ti parí. Àyà rẹ̀ ṣì ń lù bíi ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Ohun tí mo rí tó ń ṣiṣẹ́ kò le. Ẹ má wo fídíò eré lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ gbá a. Kò sí àṣìṣe tí ẹ lè tún ṣe láago méjì òru, ẹ ó sì rí ohun tó pọ̀ sí i láàárọ̀. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ohun mẹ́ta tó ń dà yín láàmú sílẹ̀, ẹ pa ìwé náà dé. Ẹ ṣọ́ kọfí: ìdajì èròjà tó ń lé oorun lọ nínú rẹ̀ ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ bá mu ún, nítorí náà ife tí ẹ mu ní ìsinmi ààbọ̀ eré ṣì wà pẹ̀lú yín lórí ibùsùn. Ẹ rìn díẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Kí àwọn eléré yín sì mọ̀ pé ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ kejì kò ní bẹ̀rẹ̀ kó tó di aago mọ́kànlá, kí ẹ̀yin náà lè sùn pẹ́. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí méje, ó kéré tán. Alẹ́ ọjọ́ kan tó bàjẹ́ kò burú. Tó bá di pé ọ̀pọ̀ alẹ́ nínú ọ̀sẹ̀ lẹ kì í sùn, tó sì ń lọ sí oṣù mẹ́ta, dókítà lọ̀rọ̀ kàn.

Ọtí ló ń jẹ́ kí n sùn.

Ọtí máa ń gbé èèyàn sùn, ó sì máa ń jí i láàárín òru. Oorun ìdajì kejì òru ló ń bàjẹ́, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ọkàn. Tó bá ti di pé ẹ kò lè sùn láìmu ún, ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá a dúró láìsí ìtọ́jú, ó léwu.

Tí mo bá sọ̀rọ̀ síta, ṣé wọn ò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi?

Ó lè ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ṣì ka ọ̀rọ̀ yìí sí àmì pé èèyàn kì í ṣe ọkùnrin gidi, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi yà ohun méjì sọ́tọ̀: sísọ fún ayé, àti sísọ fún ẹni tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ti àkọ́kọ́ kì í ṣe dandan. Ti ìkejì ni dandan. Ohun tí ẹ bá bá dókítà tàbí onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá sọ jẹ́ àṣírí, àyàfi tí ẹ̀mí yín tàbí ti ẹlòmíì bá wà nínú ewu. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Àwọn tó ti sọ ọ́ ní gbangba sì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ralf Rangnick fi ẹgbẹ́ Schalke ti Jámánì sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ó ní okun òun ti tán. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà ló kọ́ Leipzig, Manchester United àti Austria. Pep Guardiola kúrò ní Barcelona lọ́dún 2012 lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó ní ó ti rẹ òun tán. Ó lo ọdún kan ní New York kó tó lọ sí Bayern Munich. Jürgen Klopp náà kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé agbára òun ń tán lọ, pé òun yóò fi Liverpool sílẹ̀ nígbà tí sáà bá parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà lókè tábìlì lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ parí síbẹ̀ nínú wọn. Òtítọ́ ni pé olówó ni wọ́n, wọ́n sì lórúkọ. Ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ kékeré kò lè fi ọdún kan sinmi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè rí dókítà láìsọ fún alága, kó sì gba ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ fún ara rẹ̀.

Ṣé mo lè lo onímọ̀ ìṣesí tí ẹgbẹ́ gbà fún àwọn eléré?

Fún ìmọ̀ràn kékeré, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ìtọ́jú, mo rọ̀ yín pé kí ẹ wá ẹlòmíì. Ẹni yẹn ń gbọ́ ohun tí àwọn eléré ń sọ nípa yín; ẹgbẹ́ ló ń san owó rẹ̀. Kò sí bó ṣe dáa tó, kò rọrùn fún un láti wà ní ìhà méjèèjì. Ẹni tó bá wà níta, tí kò tiẹ̀ mọ ipò tí ẹgbẹ́ yín wà lórí tábìlì, òun ló dára jù.

Wọ́n ń bú mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún ń bú àwọn ọmọ mi.

Ẹ gbé àkáǹtì náà fún ẹlòmíì kó máa bójú tó o, kí fóònù yín má sì ní in rárá láti ọjọ́ tó ṣáájú eré títí di ọjọ́ kejì rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ìhàlẹ̀ tàbí ìkórìíra ẹ̀yà, kí ẹni náà ya fọ́tò rẹ̀ pa mọ́, kó sì mú un lọ bá ọlọ́pàá. Kí ẹgbẹ́ dúró tì yín ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Alága tó bá dákẹ́ lórí ìyẹn ti sọ ibi tó wà.

Wọ́n ti lé mi. Ojú ń tì mí débi pé mi ò fẹ́ jáde.

Wọ́n gba iṣẹ́. Wọn ò gba ìmọ̀ tí ẹ fi ṣe é. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í wọlé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ohun tó máa ń dùn jù ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́: fóònù tó ń dún ní ogójì ìgbà lójúmọ́ kò dún mọ́. Ara tó ti ń jí ní aago mẹ́fà jí bẹ́ẹ̀ náà, kò sì sí ibi tó ń lọ. Ẹ fún ọjọ́ ní ìlànà tirẹ̀: àkókò jíjí, àkókò rírìn, ẹnìkan tí ẹ máa rí lójúkojú. Ẹ má gba iṣẹ́ míì lọ́sẹ̀ kan náà torí kí ojú má baà tì yín. Ẹ má sì wo eré àkọ́kọ́ tí ẹni tó rọ́pò yín máa darí, kò sí ohun tó kàn yín níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni owó, nítorí owó tí wọn ò san ń jẹ ọkàn ju èébú lọ. Láti ọdún 2021 ni FIFA ti fi òfin lélẹ̀ fún àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń ṣiṣẹ́ lórílẹ̀-èdè tí kì í ṣe tiwọn. Tí ẹgbẹ́ bá jẹ yín ní owó oṣù méjì, ó kéré tán, tí ẹ kọ̀wé sí wọn, tí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láti san án, tí wọn ò san, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fòpin sí àdéhùn kí ẹ sì gbé wọn lọ síwájú ìgbìmọ̀ FIFA. Kí agbẹjọ́rò ka ìwé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni orí kì í pé láti ka ìwé.

Ikú tàbí jàǹbá ńlá ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Gbogbo èèyàn ló ń fara ti mí.

Kenny Dalglish ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool nígbà tí jàǹbá Hillsborough ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1989, tí èrò fún àwọn òǹwòran pa ní pápá ìṣeré. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà 97 ló bá a lọ. Ó ń tẹ̀ lé àwọn ẹbí lọ síbi ìsìnkú, mẹ́rin lọ́jọ́ kan náà nígbà kan. Ó gbé ìbànújẹ́ gbogbo ìlú sórí, ó tún ń gbá líìgì. Ní oṣù kejì ọdún 1991, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní òun kò lè ṣe é mọ́. Kíyè sí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì kó tó wó lé e. Ẹni tó ń tu àwọn èèyàn nínú nílò ẹni tó ń tu òun náà nínú, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ìgbà tó bá ṣubú. Tí àlá burúkú, ìpayà òjijì tàbí àwòrán ọjọ́ náà kò bá kúrò lójú yín lẹ́yìn oṣù kan, ìtọ́jú pàtó wà fún un.

Èmi ni ìyàwó rẹ̀. Ó wà nílé, ṣùgbọ́n kò sí nílé.

Ẹ má béèrè lọ́jọ́ eré. Ẹ mú ọjọ́ tí kò sí nǹkan kan, ẹ jọ rìn tàbí kí ẹ jọ wà nínú ọkọ̀, níbi tí ẹ kò ti ní máa wo ojú ara yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò: "O ò jẹun alẹ́ láti ọjọ́ Àìkú." Ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ẹ gbìyànjú kí wákàtí kan wà nílé tí ẹnikẹ́ni kò ní dárúkọ ẹgbẹ́. Ẹ̀yin náà sì nílò ẹni tí ẹ ó máa bá sọ̀rọ̀, nítorí èsì eré kan oúnjẹ tiyín náà.

Obìnrin ni mí, èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá wa.

Ẹrù yín jẹ́ méjì: iṣẹ́ náà, àti ojú tí ń ṣọ́ bóyá obìnrin lè ṣe é. Ẹ wá obìnrin míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ nínú eré ìdárayá míì, ìbáà jẹ́ orí fóònù nìkan lẹ ti ń ríra. Ohun tí ẹ bá ń fara dà tó jẹ́ ìfìtínà, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ni alága ẹgbẹ́. Kí ni mo lè ṣe tí kò ní kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu?

Ẹ fi ìsinmi sínú ìwé àdéhùn kí ẹ sì rí i pé ó gbà á. Ẹ san owó onímọ̀ ìṣesí tó wà níta, kí ẹ má sì béèrè ẹni tó lọ rí i tàbí ohun tí wọ́n sọ. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ara fún akọ́nimọ̀ọ́gbá bí ẹ ṣe ń ṣe é fún agbábọ́ọ̀lù. Ẹ má pè é lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́ àyàfi tí iná bá ń jó. Tó bá sì di dandan kí ẹ lé e, ẹ sọ ọ́ fún un fúnra yín kó tó gbọ́ ọ lórí rédíò.

Dókítà fún mi ní òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì. Ṣé kò ta ko òfin àwọn tó ń gbógun ti òògùn èèwọ̀ nínú eré?

Rárá. Àwọn òògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tó wọ́pọ̀ tí wọ́n ń pè ní SSRI kò sí nínú àkójọ èèwọ̀ WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti òògùn èèwọ̀ nínú eré, fún eléré pàápàá. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ má ṣàdédé dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Mo ti gba ìsinmi, ara mi ti ń balẹ̀. Ìgbà wo ni mo lè padà?

Dick Vermeil, akọ́nimọ̀ọ́gbá nínú líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà (NFL), fi ẹgbẹ́ Philadelphia Eagles sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1983, ó ní iṣẹ́ ti tán òun lókun. Ọdún 1997 ló padà sí líìgì náà, lọ́dọ̀ St. Louis Rams, ó sì gba Super Bowl, ìyẹn ife-ẹ̀yẹ líìgì náà, ní oṣù kìíní ọdún 2000. Kì í ṣe dandan kó gba ọdún mẹ́rìnlá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ara bá yá kọ́ ni ọjọ́ àtipadà. Ẹ jẹ́ kí oorun, oúnjẹ àti ẹ̀rín padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin àti dókítà jókòó, kí ẹ kọ ohun tó gbé yín ṣubú sílẹ̀ àti ohun tí ẹ kò ní ṣe mọ́: bóyá ẹlòmíì ni yóò máa gé fídíò, bóyá igbákejì ni yóò máa bá oníròyìn sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, bóyá ọjọ́ kan wà tí fóònù kò ní sí lọ́wọ́ yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì iṣẹ́ tó bá ṣeé ṣe, kí ẹ má sì dá àbẹ̀wò dókítà dúró ní sáà àkọ́kọ́ yẹn. Kí ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí pẹ̀lú ẹgbẹ́ wà lórí ìwé kí ẹ tó buwọ́ lù ú.